Ọmọ Ọ̀nì Tó Fẹ́ Kó Àdúgbò Lọ Ọgbà Eré

Bí ẹ bá dé àdúgbò Goo-Rapula ní Molepolole, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó ń rìn bí ẹni pé òun ló kọ́ ilẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ sílẹ̀, ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀. Yóò sọ ọ́ fún yín kí ẹ tó kí i tán. Rre Senwelo ni, ìyẹn Bàbá Senwelo ní èdè wọn. Ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ yọ ní ìkóríta, fìlà rẹ̀ á tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ á ti dé ilé kẹta kí àwọn méjèèjì tó yọ.

Gbogbo ará Goo-Rapula ni ọmọ Ọ̀nì. Ọ̀nì ni ẹranko ìdílé wọn. Wọn kì í pa á, wọn kì í jẹ ẹ́, wọn kì í fọwọ́ kàn án, ẹsẹ̀ wọn kì í sì í tẹ ara rẹ̀. Bí àwọn bàbá wọn ṣe fi èèwọ̀ náà lé wọn lọ́wọ́ nìyẹn, wọ́n sì ń pa á mọ́ láìpariwo. Rre Senwelo nìkan ló ń pariwo. Bó bá fẹ́ mu omi, á kọ́kọ́ ki ara rẹ̀: "Èmi Ọmọ Ọ̀nì, ọmọ olódò tí òùngbẹ kì í gbẹ." Bó bá lọ ra búrẹ́dì, àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ á dúró títí yóò fi ki ara rẹ̀ dé ìran kẹrin. Àwọn tí ọ̀nì bí bó ṣe bí i á máa wo ara wọn bí ẹni pé aláǹgbá ló bí wọn.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, àwọn ará àdúgbò pinnu pé nígbà òtútù, tí iṣẹ́ oko bá ti parí, àwọn máa lọ wo ọgbà eré ńlá kan ní Johannesburg, ní òdìkejì bodè. Ibẹ̀ ni wọ́n ní ọkọ̀ kékeré ti ń sáré lórí irin tó ga ju ilé lọ, tó ń yí orí ènìyàn sísàlẹ̀, tó sì tún ń dá a padà láàyè. Wọ́n péjọ sí kgotla, lábẹ́ igi tí wọ́n ti ń ṣèpàdé. Kgosi Dikgang tó jẹ́ olórí àdúgbò béèrè pé, "Ta ló ti débẹ̀ rí nínú wa?"

Kí ẹnikẹ́ni tó họ etí, Rre Senwelo ti dìde.

"Kgosi, mo ti débẹ̀ títí mo fi sú wọn."

"O gun ọkọ̀ orí irin yẹn?"

"Èwo nínú wọn, Kgosi? Àwọn kékeré, ìkókó ló ń gùn wọ́n. Èyí tó tóbi jù ni mo gùn. Ìjókòó iwájú pátápátá. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo fẹ́ gùn ún lẹ́ẹ̀kẹrin, ọkọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ mí pé ó ti rẹ òun."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi í ṣe Olórí Ìrìnàjò. Kí ni wọn ì bá tún ṣe? Ẹni tó bá ní òun mọ ọ̀run, kò sẹ́ni tó máa lọ wò ó wá.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà tí kò rẹ́rìn-ín, torí pé ọkàn rẹ̀ ti lọ sí Johannesburg ṣáájú bọ́ọ̀sì. Mma-Boitshepo ni, opó ni, irun orí rẹ̀ ti funfun. Ọkọ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún wa wúrà lábẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Kérésìmesì sí Kérésìmesì ló máa ń wálé. Bó bá dé, á sọ fún un pé ọgbà eré kan wà nítòsí kòtò àwọn, pé àgbá kẹ̀kẹ́ gàgàrà kan wà níbẹ̀ tó ń gbé ènìyàn lọ sókè ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àti pé ẹni tó bá dé òkè rẹ̀ á rí gbogbo òkìtì yanrìn tí wọ́n hú jáde látinú ilẹ̀. "Ṣọ́bìrì mi ló kó ọ̀kan nínú wọn jọ," ló máa ń wí. "Lọ́jọ́ kan, màá mú ọ gòkè lọ wò ó." Ó kú kí ọjọ́ kan yẹn tó pé.

Ohun tí Mma-Boitshepo fẹ́ kò ju ìyẹn lọ: kó dé òkè, kó wo òkìtì ọkọ rẹ̀, kó sọ̀ kalẹ̀. Ó ti gba pásípọ́ọ̀tù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n ní kó má rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún un yà.

Ṣùgbọ́n Olórí Ìrìnàjò ti ń gbé òfin kalẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni tí òun kò bá kọ́ ní ìbẹ̀rù kò ní wọ bọ́ọ̀sì. Ó wá kẹ̀kẹ́ kan tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fà, ó ní kí wọ́n tì í dé orí òkè tó wà lẹ́yìn àdúgbò, kí wọ́n tú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sílẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sínú rẹ̀, kó na ọwọ́ méjèèjì sókè, kí wọ́n sì jẹ́ kó máa lọ. Igbó ẹlẹ́gùn-ún kan ló máa ń dá kẹ̀kẹ́ náà dúró nísàlẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́, Rra?" ni wọ́n bi í. "Ṣé o ò ní kọ́kọ́ fi hàn wá?"

"Ṣé tíṣà máa ń jókòó sí kíláàsì ni?"

Kì í ṣe ọ̀fẹ́ ló ń kọ́ni o. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gun òkè, á ti mú adìyẹ kan wá fún tíṣà. Ó ní adìyẹ ló ń mú ojú olùkọ́ là. Ẹni tó bá mú àkùkọ wá, bó tilẹ̀ ké títí dé ìsàlẹ̀, tí fìlà rẹ̀ ṣubú, tí bàtà rẹ̀ fò lọ sí ọ̀nà Thamaga, Rre Senwelo á ní, "Ó yege. Ẹ̀rù rẹ̀ ní ìlànà."

Mma-Boitshepo kò mú adìyẹ wá. Ẹyọ kan ló ní, orí ẹyin ló sì wà. Ó gun kẹ̀kẹ́ náà lọ́wọ́ òfo, ó na ọwọ́ sókè, ó sì ń rẹ́rìn-ín látòkè dé ìsàlẹ̀ bí ọmọdé tí wọ́n gbé pọ̀n. Nígbà tí wọ́n yọ ẹ̀gún lára aṣọ rẹ̀ tán, ó béèrè bóyá òun lè tún un gùn.

Rre Senwelo mi orí. "Mma, o ò yege."

"Kí ni mo ṣe?"

"O rẹ́rìn-ín."

"Àwọn tó ké ńkọ́, Rra?"

"Àwọn yẹn mọ ohun tó lè pa wọ́n. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín nínú ewu, ara rẹ̀ ò dá. N kò lè gbé òkú kọjá bodè. Wọ́n máa béèrè ìwé lọ́wọ́ mi."

"Èmi ò tiẹ̀ fẹ́ gun ti orí irin. Àgbá kẹ̀kẹ́ yẹn ni mo fẹ́ gùn, èyí tó ń lọ pẹ̀lẹ́."

"Èyí tó ń lọ pẹ̀lẹ́ ló burú jù, Mma. Ó máa fún ọ láyè láti ronú."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ìjókòó Mma-Boitshepo nínú bọ́ọ̀sì di òfìfo. Nígbà tí wọ́n sì béèrè ẹni tó máa jókòó síbẹ̀, Rre Senwelo ní báàgì Olórí Ìrìnàjò ni. Ó ní báàgì náà kì í ṣe báàgì lásán, pé ìrírí ló kún inú rẹ̀, kò sì yẹ kí ìrírí wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Àbí èmi ni kí n jókòó síbẹ̀?" Mma-Sedie ìyàwó rẹ̀ béèrè níwájú gbogbo wọn. "Gbogbo oṣù yìí ni mo fi gbọ́ ìtàn ọgbà yẹn."

"Ẹni tó ti gbọ́ ìtàn rẹ̀ lẹ́nu mi," ni ọkọ rẹ̀ wí, "kí ló tún fẹ́ lọ wò?"

Báyìí ni ọjọ́ ń súnmọ́. Ọlọ́gbà eré máa ń fi aṣọ ńlá kan tí wọ́n ya àwòrán sí ta àwọn èrò tó bá ń bọ̀ lọ́pọ̀ lọ́rẹ, kí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́. Rre Senwelo pè wọ́n lórí fóònù, ó ní àwòrán ọkọ̀ orí irin tó tóbi jù ni kí wọ́n fi ránṣẹ́, kí àwọn ará ilé lè mọ ohun tí òun gùn. Rre Tiro, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ló gbé e dé ní kíká. Ó bi Olórí Ìrìnàjò bóyá ó fẹ́ wò ó.

"Kí ni màá ti máa wo àwòrán ohun tí mo gùn lẹ́ẹ̀mẹta sí?" ni Rre Senwelo dáhùn. "Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tú u títí màá fi gbọ́wọ́ sókè ní kgotla, níwájú Kgosi."

Ìdájí ọjọ́ ìrìnàjò tutù bí inú ìkòkò omi. Gbogbo àdúgbò ti yí iná ká ní kgotla, oníkálukú pẹ̀lú búláńkẹ́ẹ̀tì lára, wọ́n ń jẹ magwinya, ìyẹ̀fun dídín gbígbóná, òróró ń dán létè wọn. Bọ́ọ̀sì ti dúró. Báàgì Olórí Ìrìnàjò ti wà lórí ìjókòó, wọ́n sì ti fi bẹ́líìtì dè é. Mma-Boitshepo náà wá, ó ní òun wá kí wọn pé ó dàbọ̀ ni. Ṣùgbọ́n pásípọ́ọ̀tù wà ní ìdí aṣọ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lọ kò mọ bí wọ́n ṣe ń múra dídúró.

Rre Senwelo dìde. Ó ki ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sórí ọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ará Goo-Rapula, ẹ wò mí dáadáa. Ojú tí ẹ ń wò yìí, atẹ́gùn orí irin ti fẹ́ ẹ rí. Mo jókòó síwájú. Mo na ẹsẹ̀ mi méjèèjì, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pinpin, mo ní, 'Máa lọ.' Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá àwọn ọlọ́gbà sọ̀rọ̀. Wọ́n ní bí mo ṣe fi í sílẹ̀ náà ló ṣe wà, ìṣó kan ò yí padà lára rẹ̀. Ẹ wo ohun tí Ọmọ Ọ̀nì gùn."

Ó gbọ́wọ́ sókè. Rre Tiro àti ọkùnrin kan tú aṣọ náà, wọ́n sì nà án mọ́ ara igi tó yí kgotla ká.

Ọ̀nì ni.

Ọ̀nì aláwọ̀ ewé ni, ó gùn láti etí aṣọ kan dé èkejì, ìrù rẹ̀ ń yí lórí irin. Ẹnu rẹ̀ là gbàgà. Orí ahọ́n rẹ̀ ni àwọn èrò jókòó sí, wọ́n ń pariwo. Àwọn tó wà níwájú pátápátá ti fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó jẹ magwinya mọ́. Ìwọ̀nba igi tó ń ta nínú iná ni wọ́n ń gbọ́. Ọwọ́ Rre Senwelo ṣì wà lókè, torí pé ẹ̀yìn ló kọ sí àwòrán, ó rò pé ìyanu ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Bàbá kan wà níbẹ̀ tó dàgbà jù, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Malome bí ẹni ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni. Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà mọ́. "Kí ni wọ́n yà síbẹ̀?" ló béèrè.

"Ọ̀nì ni, Malome."

"Ọ̀nì tiwa?"

"Ọ̀nì tiwa."

"Ibo ni Senwelo jókòó sí?"

"Orí ahọ́n, Malome."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Eyín ìsàlẹ̀ ló tẹ̀. Pinpin ló ní òun tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó?"

Gbogbo obìnrin dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Ẹ̀ẹ̀mẹta."

Ìgbà náà ni Rre Senwelo tó yíjú padà. Ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí àsíá tí wọ́n ń rẹ̀ sílẹ̀ nítorí òkú. Ó wo ọ̀nì, ọ̀nì wò ó.

"Kgosi," ló wí, "nígbà tèmi, kò tíì ní orí."

"Ìṣó kan ò yí padà," ni Kgosi Dikgang fèsì. "Ìwọ lo sọ ọ́, Rra. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì tutù."

"Ṣùgbọ́n irin ni, Kgosi. Irin ni wọ́n rọ. Kì í ṣe ọ̀nì alààyè."

Oarabile, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Francistown, tẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sórí àga, ó sì dìde. Lọ́dún tó kọjá ló wá sílé pẹ̀lú bẹ́líìtì kan tí àpẹẹrẹ awọ ọ̀nì wà lára rẹ̀. Rre Senwelo ló figbe ta pé ó ti ba èèwọ̀ jẹ́. Wọ́n pa ewúrẹ́ kan láti fi wẹ Oarabile mọ́, ẹni tó figbe ta ló sì gbé itan ewúrẹ́ lọ sílé.

"Rra," ni Oarabile wí jẹ́jẹ́, "rọ́bà ni bẹ́líìtì tèmi. Mo sọ fún yín nígbà yẹn pé rọ́bà ni. Ẹ rántí ohun tí ẹ fi dá mi lóhùn?"

Rre Senwelo ò rántí. Àwọn obìnrin rántí. Wọ́n gbé e jáde pẹ̀lú ohùn rẹ̀ gan-an, ikùn síwájú: "'Àwòrán ọ̀nì, ọ̀nì ni. Ọmọ Ọ̀nì kì í bá ọ̀nì ṣàwàdà.'"

Malome ń ka ìka rẹ̀. "Bẹ́líìtì rọ́bà ní ìbàdí, ewúrẹ́ kan. Ìdí lórí ahọ́n, ẹsẹ̀ lórí eyín, lẹ́ẹ̀mẹta." Ó ń wá ẹranko tó tó bẹ́ẹ̀. "Ìyẹn ti di màlúù. Gbogbo àdúgbò á jẹ ẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ ò ní fẹnu kàn án."

"Èwo nínú màlúù rẹ̀?" ẹnì kan béèrè.

"Khumo ni kẹ̀," ni àwọn obìnrin wí. "Èwo ló tún sanra?"

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ká wo ọkùnrin tó wà láàárín orúkọ rẹ̀ àti màlúù rẹ̀. Akọ màlúù dúdú kan ni Khumo. Rre Senwelo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé nígbà òtútù, ó máa ń fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, tí ìyàwó rẹ̀ á sì máa gbọ̀n nínú ilé. Bó bá ní òun gun ọ̀nì, Khumo kú. Bó bá ní òun ò gùn ún, Olórí Ìrìnàjò kú. Ó wo ojú àwọn ènìyàn. Ó rí i pé àwọn kan ti ń wá ọ̀bẹ lójú ara wọn.

"Kgosi," ló wí, ohùn rẹ̀ kò sì dé ilé kìíní, "n kò gùn ún."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó lo ò gùn ún?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta."

"O dé inú ọgbà náà ṣá?"

"Mo dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."

"Ẹ̀gbẹ́ wo?"

"Ojú títì, Kgosi. Ìsìnkú ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mò ń lọ ní Soweto. Mo rí ọkọ̀ náà lókèèrè látojú fèrèsé kọ́mbì."

"O rí i, o ò rí i pé ọ̀nì ni?"

"Ìdí rẹ̀ ló kọ sí wa."

Ẹ̀rín tó bẹ́ sílẹ̀ ní kgotla lọ́jọ́ náà, wọ́n ní àwọn tó wà ní ilé ìwòsàn gbọ́ ọ. Malome rẹ́rìn-ín títí ó fi ní kí wọ́n di òun mú. Nígbà tó rọlẹ̀ díẹ̀, Kgosi nu ojú rẹ̀.

"Atẹ́gùn tó fẹ́ ọ lójú ńkọ́, Rra? Inú tó ń yí, bí o ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wa?"

"Kọ́mbì kan ni, Kgosi. Bíréèkì rẹ̀ já níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Lobatse."

"Ó dáa. Ẹni tí kò gun ọ̀nì kò ní pa màlúù. Jẹ́ kí Khumo lọ jẹ koríko rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò dé ibì kan rí kò lè mú ni lọ síbẹ̀. Sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ìwọ àti ìrírí rẹ."

"Ta ló máa wá ṣe olórí, Kgosi?"

"Bọ́ọ̀sì ò nílò olórí," ni Rre Tiro wí látẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. "Awakọ̀ ló nílò. Èmi nìyí."

Ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ Malome bóyá ìrìnàjò ṣì yẹ, nígbà tí ọ̀nì ti wà lọ́hùn-ún. Àwọn tó ti di ẹrù wọn mọ́ra súnmọ́ ọn láti gbọ́. Mma-Boitshepo di ìdí aṣọ rẹ̀ mú.

"Kí ló dé tí kò yẹ?" ni Malome wí. "Bó bá wà níbẹ̀, ilé ẹbí yín lẹ ń lọ yẹn. Ẹ kí i láti òkèèrè, ẹ ní àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń kọjá, kí ẹ sì lọ gun àwọn tó kù. Mma-Boitshepo dà? Ó wà níbí? Kí ló ń dúró ṣe nílẹ̀?"

Wọn ò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì fún un. Àwọn obìnrin ta igbe ayọ̀ bó ṣe gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì. Rre Tiro tú bẹ́líìtì lára báàgì ìrírí, ó gbé e fún ẹni tó ni ín. Ó fúyẹ́. Mma-Boitshepo jókòó síbẹ̀, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí orúnkún bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó wá ku ìjókòó kan, ti Rre Senwelo. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, Mma-Sedie ti yọ láàárín èrò, búláńkẹ́ẹ̀tì ní èjìká, abọ́ seswaa, ẹran sísè tí wọ́n gún, tí wọ́n fi aṣọ wé ní ọwọ́.

"Mma, níbo lò ń lọ?" ni ọkọ rẹ̀ béèrè.

"Johannesburg."

"O ní pásípọ́ọ̀tù?"

"Zeerust lẹ́yìn bodè ni mo ti ń ra aṣọ tí mò ń tà, Rra. Pásípọ́ọ̀tù tèmi kì í sinmi. Ìwọ lo ò béèrè rí."

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Mo fẹ́ kí ẹnì kan wà nínú ilé wa tó lè sọ̀rọ̀ ibẹ̀ láìpurọ́."

Ó wọlé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Gbogbo àdúgbò ké "Pula," igbe ìre wọn tó túmọ̀ sí òjò, bọ́ọ̀sì sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà díẹ̀díẹ̀ sí ojú ọ̀nà.

Ẹ̀yin rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ẹ ò mọ Rre Senwelo. Bí bọ́ọ̀sì ṣe ń lọ ni ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó sáré tẹ̀ lé e, báàgì ń jó lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì.

"Iwájú ni kí ẹ jókòó sí," ló ń ké. "Bí ẹ bá débẹ̀, iwájú ló dùn jù."

Fèrèsé kan ṣí. Mma-Boitshepo yọrí jáde, òtútù ìdájí ń fẹ́ ẹ lójú, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Rra," ló wí, "báwo lẹ ṣe mọ̀?"